Káàdì Oṣù Kejì

Ní gbogbo àárọ̀, bí aago mẹ́sàn-án bá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn mẹ́sàn-án tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Elvio ní Torino, ní Italy, tí Elvio ọ̀gá wọn wà lára wọn, á dúró yí tẹlifíṣọ̀n ńlá kan ká, kọ́fí lọ́wọ́, wọ́n á sì máa pe àwọ̀. Iṣẹ́ kálukú wà lójú tẹlifíṣọ̀n náà, káàdì kan fún iṣẹ́ kan. Bí iṣẹ́ rẹ bá ń lọ déédéé, wàá ní verde, ìyẹn àwọ̀ ewé. Bí nǹkan bá fẹ́ dí i lọ́wọ́, giallo ni, àwọ̀ ìyeyè. Bó bá ti dojú rú, rosso, pupa. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn. Ní ti gidi, láàárín ọdún mẹ́ta tí Adésànmí Ọlábánjí ti ń bá wọn dúró níbẹ̀, rosso tó gbọ́ kò pọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì pe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ wọn kì í bàjẹ́. Iṣẹ́ wo ni kì í bàjẹ́? Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ẹni tó bá pe pupa ni gbogbo ojú máa yí sí, òun ni wọ́n máa bi ní ìdí rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì máa gbé àtúnṣe rẹ̀ lé lórí, bí ẹni tó kọ́kọ́ rí òkú ejò lójú ọ̀nà tí wọ́n wá ní kó sin ín. Nítorí náà, verde ni kálukú ń pè. Davide, ẹni tó ń kọ ètò orí fóònù, ti ń sọ pé ó ku díẹ̀ láti ìgbà Kérésìmesì, díẹ̀ náà kò sì tán. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Iṣẹ́ ti Adésànmí ni pé kó yẹ ohun tí àwọn yòókù ṣe wò kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Á tẹ̀ ẹ́, á fà á, á lò ó bí ọmọdé, á lò ó bí arúgbó, títí á fi rí ibi tó ti máa ya. Lọ́dún àkọ́kọ́, ohun tó bá rí ló ń sọ. Wọ́n wá sọ ọ́ ní Semaforo, iná tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì. Àwàdà ni, òun náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín bá ń tẹ̀ lé ènìyàn lọ sídìí ẹ̀rọ kọ́fí lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, á kọ́ ọ lọ́gbọ́n tí kò bèèrè.

Ká má purọ́, ìwà náà kò ṣòro fún un láti kọ́. Nílé tó ti wá, bí ibà bá tilẹ̀ ń gbọn ènìyàn tí wọ́n bi í pé ṣé dáadáa ni, a dúpẹ́ ló máa sọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti tọ́ ọ, a kì í fi ẹnu ara ẹni pe àìsàn; ara mi le ni wọ́n ń wí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ní a dúpẹ́ mọ̀ pé ẹni tó ń kí òun lè wo ojú òun kó sì mọ bó ṣe rí. Ní Torino, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni, wọ́n sì ń buwọ́ lù ú.

Ètò tí wọ́n ń ṣe lọ́dún náà jẹ́ ti cooperativa kan ní Padova, ẹgbẹ́ tó ń rán olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó. Bí olùtọ́jú bá dé ilé arúgbó, á gbé fóònù rẹ̀ mọ́ ike pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Fóònù á tan àwọ̀ ewé, á túmọ̀ sí pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dé. Bó bá ń lọ, á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀wò tí kò bá sí nínú ètò yẹn, kò sí láyé, ìbáà jẹ́ pé o wẹ arúgbó náà, o fún un lóúnjẹ, o sì gé èékánná rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú náà ni Olúfúnkẹ́, àbúrò ìyá Adésànmí. Òun ló mú un wá láti Ìkìrun lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, òun ló sì tọ́ ọ ní Padova títí tó fi wọ yunifásítì ní Torino. Mọ́mì ni Adésànmí ń pè é. Mọ́mì náà ń pè é ní Àkàndé, oríkì rẹ̀. Ọjọ́ tó bá ṣẹ̀ ẹ́ nìkan ló ń di Adésànmí. Nígbà tí Mọ́mì gbọ́ pé ọwọ́ ọmọ òun ni ètò tí wọ́n ń gbé mọ́ ògiri yẹn ti kọjá, ó na fóònù sókè níwájú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, ó ní kí wọ́n wo iṣẹ́ ọmọ òun. Adésànmí ṣàlàyé títí pé òun kọ́ lòun ṣe é, yíyẹ̀ ẹ́ wò lòun yẹ̀ ẹ́ wò. Mọ́mì ní ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò wà lára àwọn tó sè é.

Ní oṣù kejì, ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, Adésànmí gbé fóònù kan sọ̀kalẹ̀ lọ sínú cantina, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ àti àga jíjá sí, nítorí ó fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé. Ó gbé fóònù mọ́ ike. Àwọ̀ ewé tàn. Ó pa ètò náà dé, ó gòkè padà, ó wo àkọsílẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó lọ, ó bọ̀, nígbà mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni fóònù sọ fún un pé gbogbo rẹ̀ ti parí, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni kò sì sí ohun tó parí. Ẹ̀rọ náà ti kọ́ ìwà àwọn tó ṣe é.

Ó kọ káàdì rẹ̀, ó kùn ún ní pupa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó kàn án, ó ní rosso. Davide ní lórí fóònù tòun ó ń ṣiṣẹ́. Ẹlòmíì bèèrè pé ilé mélòó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ̀ láyé ìsinsìnyí. Wọ́n fi ogún ìṣẹ́jú sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó bèèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gbé fóònù náà lọ́wọ́. Ọjọ́ Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ṣèlérí láti gbé iṣẹ́ fún Padova. Elvio kì í ṣe ènìyàn búburú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Òun ló ń ra búrẹ́dì dídùn fún wọn ní gbogbo Fúráìdeè, òun náà ló sì ti sọ fún Adésànmí pé bí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ bá parí lóṣù kẹfà, òun máa fún un ní indeterminato, iṣẹ́ tí kò ní gbèdéke. Ó yíjú sí i, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

"Adé, ìwọ lojú wa. Ṣé rosso tó máa dúró ní rosso ni, àbí èyí tó ti ń lọ sí giallo?"

Àwọn méje yòókù ń wo bàtà wọn. Adésànmí ní giallo.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan káàdì náà. Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́ta gbáko lórí àwòrán ilé kékeré kan tó yẹ kó máa yọ lójú fóònù, bóyá kó ní fèrèsé àbí kó má ní. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Nígbà tí àwọn ará Padova wá wo iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n kó wọn jókòó sí, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára jù, gbogbo rẹ̀ sì dùn ún wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, ó tún kan Adésànmí, ó sì gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ní verde. Ó fa káàdì náà lọ sáàárín àwọn tó ti parí. Ó buwọ́ lu ìwé àyẹ̀wò. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún un, ohun tó sì ń dùn ún títí dòní nìyẹn, nítorí bí ẹnì kan bá pàṣẹ ni, ì bá rí ẹni gbé e lé lórí.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ní ìparí oṣù karùn-ún, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, Mọ́mì pè é. Ó kí i títí, ó bèèrè iṣẹ́, ó bèèrè ara. Adésànmí ní dáadáa ni.

"Àkàndé," ni Mọ́mì wá wí, "wọ́n fún mi ní lẹ́tà."

Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà ni wọ́n ti fún un ní bàbá tuntun kan láti máa tọ́jú, Signor Zanin, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, tó ń gbé nínú ilé òkúta àtijọ́ kan lẹ́yìn àwọn portico, ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó tó wà lẹ́bàá títì, ní yàrá ẹ̀yìn tí oòrùn kì í dé. Bàbá náà ti ń gbàgbé nǹkan. Bí o bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ẹlòmíì wọlé, á ní ẹnikẹ́ni kò wá. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń gbé ní Treviso wo inú ètò, ó rí i pé ìbẹ̀wò mọ́kànlá ni kò sí níbẹ̀, ó sì fẹjọ́ sùn. Cooperativa ti wá kọ lettera di contestazione, lẹ́tà ẹ̀sùn, sí Mọ́mì: kó wá sọ tẹnu rẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá tẹ̀wọ̀n, iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlá tán nìyẹn. Èdè Italy tí Mọ́mì gbọ́ tó fún ọjà, ó tó fún ìwẹ̀ arúgbó, ṣùgbọ́n kò tó fún lẹ́tà. Ó ní kí Adésànmí wá bá òun túmọ̀ ọ̀rọ̀.

Adésànmí jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́bàá ojú irin tíráàmù. Ó ti mọ̀ kí Mọ́mì tó parí ọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé etí, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò.

"Ẹ má dààmú, Mọ́mì," ló sọ. "Ó máa yanjú."

Ìyẹn ni pé ó pe verde fún Mọ́mì náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó kan ẹnikẹ́ni láti pe àwọ̀, Elvio ní òun ní ìròyìn kan. Padova ti kọ̀wé, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àkọsílẹ̀ inú ètò lè ṣàṣìṣe, wọ́n ní ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kan ló dé. Òun ti dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀, òun sì ti fi ìwé àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí wọn, verde láti òkè délẹ̀, pẹ̀lú orúkọ Adé nísàlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Adé. Ẹnì kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Láti ilé ni Adésànmí ti ń ro ohun tó máa sọ bọ̀. Ó ní, "Elvio, ní ti káàdì oṣù kejì yẹn..."

"Èyí tí o ti parí?" ni Elvio bi í.

Kò bi í pẹ̀lú ìbínú. Ṣùgbọ́n Adésànmí rí i lójú rẹ̀ pé ó rántí. Ó wo Davide, Davide náà rántí. Gbogbo wọn ni wọ́n rántí cantina yẹn, wọ́n kàn ń dúró láti mọ̀ bóyá á sọ ọ́ ni, nítorí bó bá sọ ọ́, gbogbo wọn ló máa di ẹni tó ti mọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Rárá, kò sí nǹkan. Tutto a posto, gbogbo rẹ̀ wà létò."

Ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ó ṣí omi ẹ̀rọ. Ojú tì í débi pé kò lè wo dígí. Ní kékeré, wọ́n ń kọ́ ọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, ó sì máa ń rò pé ẹ̀sín ni kí àwọn ènìyàn fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọjà. Kò mọ̀ pé ènìyàn lè dá wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wò ó, kí gbogbo ará òde sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un, kí ìtìjú ṣì máa fà á láṣọ ya.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó gba ààyè níbi iṣẹ́, kò sọ ibi tó ń lọ, ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Porta Susa. Mọ́mì ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Arcella, àdúgbò kan ní Padova. Aṣọ búlúù tó máa ń wọ̀ lọ sí ìsìn ìdúpẹ́ ló wọ̀. Ó gbé báàgì kan dání, kúlà oúnjẹ wà nínú rẹ̀, ó fi aṣọ ìnuwọ́ wé e. Mọ́ínmọ́ín ni, ó ní ẹyin nínú, ti Adésànmí ni, tó bá ń padà sí Torino. Láti ọdún tó ti kúrò nílé, Mọ́mì kò tíì jẹ́ kó wọ ọkọ̀ lọ́wọ́ òfo rí.

Wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì. Adésànmí bi í pé ṣé lóòótọ́ ló gbé fóònù mọ́ ike lójoojúmọ́.

"Lójoojúmọ́. Mo gbé e mọ́ ọn, mo sì rí àwọ̀ ewé."

"Ohun tó yẹ kí ẹ sọ fún wọn nìyẹn, Mọ́mì. Kí ẹ ní ẹ̀rọ ni kò kọ ọ́."

Mọ́mì dúró lójú ọ̀nà. Ó wò ó bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

"Kí n ní ẹ̀rọ ni? Orúkọ ta ló wà lára ẹ̀rọ yẹn?" Ó tún báàgì gbé sí èjìká kejì. "Èmi ni màá ní mi ò gbé e mọ́ ọn dáadáa. Mo ti ń dàgbà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, wọ́n á gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá bẹ̀ wọ́n, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kàn kìlọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní iṣẹ́ ọmọ mi kò dára, ta ló máa gbà ọ́ síṣẹ́ mọ́?"

Bí wọ́n ṣe ń lọ, ó sọ fún un pé òun ti bẹ ọmọbìnrin bàbá náà. Obìnrin náà wá láti Treviso lọ́jọ́ Sátidé, òun sì kúnlẹ̀ fún un ní kíṣìnnì. Obìnrin náà fò dìde, ó rò pé Mọ́mì ṣubú ni, ó ń wá omi kiri. Mọ́mì rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Mọ́mì. Obìnrin tó kúnlẹ̀ fún kò ju ogójì ọdún lọ. Adésànmí fojú inú rí orúnkún méjèèjì yẹn lórí ilẹ̀ táìlì. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́. Ó ya ẹnu láti sọ ọ́, ohun tó sì jáde ni pé kí Mọ́mì rọra, ọkọ̀ ń bọ̀.

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà ni Signora Ornella, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi awò sójú, tó dìde bọ Mọ́mì lọ́wọ́. Ìwé mẹ́ta ló tẹ́ sórí tábìlì: lẹ́tà, àkọsílẹ̀ ìbẹ̀wò pẹ̀lú àyè òfìfo mọ́kànlá, àti ìwé àyẹ̀wò láti Torino. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Mọ́mì ti rí orúkọ tó wà nísàlẹ̀ ìwé kẹta. Ó fi ìka lé e.

"Mio figlio," ọmọ mi, ló wí fún Signora Ornella. Ó nà gbọnrangandan lórí àga, kò sì gbé ìka kúrò níbẹ̀.

Signora Ornella wo ìwé, ó wo Adésànmí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó mọ ètò náà ju gbogbo àwọn lọ. Ó wá ní kí Mọ́mì sọ tẹnu rẹ̀.

Mọ́mì yíjú sí Adésànmí, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́, ní ohùn tó fi máa ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀.

"Sọ fún wọn pé ẹ̀bi mi ni. Ní èmi ni mi ò gbé fóònù mọ́ ọn dáadáa, pé kí wọ́n má bínú sí mi. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

"Kí ni wọ́n wí?" ni Signora Ornella bèèrè.

Ọ̀rọ̀ náà ti tò sí i lẹ́nu lédè Italy, ó péye, ó kúrú, kò nira rárá. La signora dice che è colpa sua, ìyá yìí ní ẹ̀bi òun ni. Ẹ̀rù ba Adésànmí nígbà tó rí bí kò ṣe nira tó. Ó mọ̀ pé òun lè sọ ọ́. Bí ó ti sọ gbogbo ìyókù nìyẹn, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, láìnira. Ní Torino, àwọn méje ń wo bàtà wọn. Níbí, Mọ́mì ló ń wò ó, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì fura sí nǹkan kan.

"Rosso," ló wí.

Kò yé ẹnikẹ́ni. Signora Ornella gbé orí sókè.

Adésànmí wá sọ ọ́. Ó ní ohun tí ìyá òun sọ ni pé ẹ̀bi òun ni, ìyẹn kì í sì í ṣe òtítọ́. Ó gbé fóònù mọ́ ike lójoojúmọ́, fóònù sì sọ fún un pé ó ti parí. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dé, ètò náà ń tan àwọ̀ ewé láìkọ nǹkan kan sílẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò tó wà lórí tábìlì yẹn, irọ́ ni. Òun ló buwọ́ lù ú. Ó bèèrè bóyá wọ́n ní yàrá abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ní ó wà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí. Ó ní kí Signora Ornella fúnra rẹ̀ gbé fóònù Mọ́mì lọ síbẹ̀, pẹ̀lú ike kan, kó gbé e mọ́ ọn, kó pa ètò náà dé kó tó gòkè bọ̀. Obìnrin náà lọ, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Ó ní àwọ̀ ewé tàn. Ó wo inú ẹ̀rọ orí tábìlì rẹ̀, ó tún un wò, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Febbraio," oṣù kejì, ni Adésànmí fèsì.

Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí Mọ́mì nílò ògbufọ̀ fún. Ó gbé ìka rẹ̀ kúrò lórí orúkọ náà, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì sórí itan.

Signora Ornella ní lẹ́tà náà ti parí, kò ní tẹ̀ síwájú, òun máa kọ ọ́ fún Mọ́mì lónìí, òun á sì pe Torino lójú ẹsẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó wá ní ó yẹ kí Adésànmí mọ̀ pé Mọ́mì kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Lóṣù kẹrin, obìnrin ará Moldova kan gba irú lẹ́tà yìí. Ó ń sọ fún àwọn pé òun gbé e mọ́ ọn, àwọn kò gbà á gbọ́, wọ́n sì ní kó máa lọ. Ó ti padà sí ìlú rẹ̀.

Adésànmí bèèrè orúkọ obìnrin náà. Mọ́mì ló dá a lóhùn, láìwò ó.

"Ludmila."

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí Mọ́mì sọ gbẹ̀yìn títí tí wọ́n fi dé ibùdókọ̀ ojú irin. Fóònù Adésànmí ń gbọ̀n nínú àpò rẹ̀, Elvio ni, ó gbọ̀n, ó dákẹ́, ó tún gbọ̀n. Kò gbé e. Ó mọ̀ pé indeterminato ti lọ, ó sì yà á lẹ́nu pé nǹkan náà kò tilẹ̀ wúwo. Ohun tó wúwo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ búlúù, báàgì léjìká, kò sì jẹ́ kó bá òun gbé e.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tí ọkọ̀ tó ń gba Milano lọ sí Torino ti ń gbéra. Adésànmí dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níwájú gbogbo àwọn tó ń fa àpótí kọjá. Mọ́mì kò ní kó dìde, kò sì ní kó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ọkùnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tó yá, ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún, ó jókòó.

"Láti oṣù kejì," ni Mọ́mì wí. Kò gbóhùn sókè. "Láàárọ̀, kí n tó gbé fóònù yẹn mọ́ ògiri, mo máa ń gbàdúrà lé e lórí. Mo máa ń ní, Olúwa, bùkún iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi."

"Ẹ dárí jì mí, Mọ́mì."

"Ludmila sunkún lójú mi." Ó ń wo ojú irin. "Ó ní ẹ̀rọ yẹn ń purọ́ mọ́ òun. Èmi ni mo sọ fún un, níwájú gbogbo wa, pé ẹ̀rọ ọmọ mi kì í purọ́. Mo ní kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Èmi, Olúfúnkẹ́. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́."

Adésànmí ní òun máa wá Ludmila rí, òun máa bá Signora Ornella sọ ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ pè é padà. Mọ́mì mi orí. Kò hàn bóyá ó gbà ni àbí ó kàn rẹ̀ ẹ́.

Ọkọ̀ dé. Adésànmí wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn èrò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Mọ́mì dìde, ó sún mọ́ ọn, ó ki ọwọ́ bọ inú báàgì, ó yọ kúlà oúnjẹ náà pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ tó fi wé e. Ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ṣì gbóná.

"Gbà, Adésànmí," ló wí. "Mo ti sè é kí n tó mọ̀."